Ta Ló Wọ̀n Ọ́n?

A sọ òkúta kan láti ilẹ̀ pẹ̀lú ìyára 20 m/s, ní igun 30° sí ilẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni yóò lò lófuurufú kó tó balẹ̀? Ẹ fi g = 10 m/s² ṣe é.

Kò sí ẹni tó la ẹ̀kọ́ físíìsì SS2 kọjá tí kò bá irú ìbéèrè yìí pàdé. Èmi ni mo kọ èyí tó wà lókè yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìwé físíìsì tó wà nínú àpò ọmọ yín, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò le rárá. 2 × 20 × 0.5, kí a fi 10 pín in, ó di ìṣẹ́jú àáyá méjì. A fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, a kọjá sí òmíràn.

Mo ń kọ irú rẹ̀ sójú pátákó lọ́jọ́ kan nígbà tí ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Wọn kí ni?"

"Ogún yẹn, sà. Ìyára òkúta yẹn. Nígbà tó ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́, ta ló dúró tì í tó wọ̀n ọ́n?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì fún un ní èsì tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ máa ń fún ọmọ tó bá béèrè ohun tí kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà: "Ohun tí ìbéèrè bá fún ọ ni kí o lò." Ó jókòó. Kò tún nawọ́ mọ́ títí agogo fi lù.

Èsì tó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ yìí. Mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ìbéèrè òkúta yẹn bí a ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ìtàn kúkúrú, nítorí pé ìtàn kúkúrú ni. Ó ní ìṣẹ̀lẹ̀, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìtàn tó jẹ́. Kò sí ẹni tó sọ òkúta náà. Kò sí ohun tó ń sọ ọ́ sí. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, kò sí máńgòrò, kò sí gíláàsì fèrèsé ẹnikẹ́ni tó fọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ àwọn ìwé wa ní ọgbọ́n kan tó fi lè sọ pé nǹkan di jíjù láìfi ẹni tó jù ú hàn. Yorùbá kò gba irú ìyẹn dáadáa. Bí mo bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá tó dán mọ́rán, àfi kí n ní "a sọ òkúta" tàbí "wọ́n sọ òkúta", bí mo bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó gbọ́ èdè yóò fẹ́ mọ̀ pé àwa wo, tàbí àwọn wo. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn ti ṣẹ́ yọ. Ó túmọ̀ gbólóhùn náà lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì rí i pé ẹnì kan sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Àìsí ènìyàn nínú ìtàn kọ́ ni ẹ̀sùn mi tó tóbi jù. Ẹ̀sùn mi ni pé ìtàn náà mú ohun tó ṣòro jù lọ láti mọ̀, ó sì fi í ṣe ohun àkọ́kọ́ tí a mọ̀. Bí òkúta bá balẹ̀, ẹnikẹ́ni tó ní okùn ìwọnlẹ̀ lè wọn bó ṣe jìnnà tó. Fóònù tó wà lápò gbogbo wa lè ka ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pá gígùn kan tó fún wa láti mọ bí ògiri tàbí ẹ̀ka igi ṣe ga. Ṣùgbọ́n ìyára òkúta ní ìṣẹ́jú tó já kúrò lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára lójú ẹsẹ̀ kò sí nínú yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì kankan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ohun tí a kò lè wọ̀n gan-an ni ìwé ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì ń ní ká fi wá èyí tí a lè fi okùn wọ̀n.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sì wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà náà lè di ohunkóhun. Mo ti pàdé ìbéèrè tí òkúta ti kúrò lọ́wọ́ ènìyàn ní 100 m/s. Ìyẹn ni 360 kìlómítà ní wákàtí kan. Àwọn tó lágbára jù lọ nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù béèsìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, tí jíjù sì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, nǹkan bí 47 m/s ni wọ́n dé. Ọmọ tó bá ṣe ìṣirò 100 yẹn láìkọ háà ti kọ́ ohun kan lọ́dọ̀ wa: pé nọ́ńbà inú físíìsì kò ní í ṣe pẹ̀lú apá ènìyàn.

Èmi náà jẹ̀bi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá fẹ́ kọ́ wọn ní orí ẹ̀kọ́ yìí, fọ́múlà mẹ́ta ni mo máa ń kọ sójú pátákó, tí n ó sì fi gẹ̀dú yí wọn ká: ti àkókò, T = 2u sin θ/g; ti gíga, H = u² sin² θ/2g; ti ìjìnnà, R = u² sin 2θ/g. Ẹ wo gbogbo wọn: u ló ṣáájú. Àwọn ọmọ á kọ́ wọn sórí bí oríkì. Bí ìbéèrè bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí ojú wọn ń wá ni u, bí ẹni tó wọ ilé àlejò tó ń wá ibi tí bàtà wà.

Lẹ́yìn náà ni mo fún wọn ní ìdánwò kan tí mo kọ u sílẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan láti ilẹ̀ títẹ́jú. Ó balẹ̀ ní mítà 36 sí ẹni tó gbá a, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2.4. Báwo ni ìyára rẹ̀ ṣe tó nígbà tó kúrò lẹ́sẹ̀, igun wo ló sì gbà jáde? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló fò ó. Àwọn kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbéèrè kò pé. Ọ̀kan kọ gbogbo fọ́múlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lọ́nà tó dán mọ́nrán, ó wá kọ u = ? sábẹ́ wọn, ó sì dúró síbẹ̀. Mo wo ìwé yẹn pẹ́. Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ohun tó kọ, kò sì rí ohunkóhun ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè náà rọrùn ju èyí tó ní u lọ. Ìrìn méjì ni bọ́ọ̀lù ń rìn pọ̀, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òòró, àwọn méjèèjì kò sì dí ara wọn lọ́wọ́. Ní ìbú, kò sí ohun tó ń fà á, ó kàn ń lọ ni: mítà 36 ní ìṣẹ́jú àáyá 2.4, mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní òòró, ó gòkè fún ìdajì àkókò náà, ó sì bọ́ fún ìdajì yòókù. Ìṣẹ́jú àáyá 1.2 ni òòfà ilẹ̀ fi gba gbogbo ìyára ìgòkè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sì ni òòfà ń gbà nínú ìyára náà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà 12 m/s ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìbú, méjìlá ní òòró: Pythagoras á so wọ́n pọ̀ fún wa, ó di nǹkan bí 19.2 m/s, ní igun tí kò pé 39°. A kò lo ọ̀kankan nínú fọ́múlà mẹ́ta tí mo fi gẹ̀dú yí ká. Àkókò ni alárinà láàárín ìrìn méjèèjì, òun nìkan ni wọ́n jọ ní. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní wá u kiri ojú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó tún le díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ka àkókò rẹ̀. Ọmọ kan dúró sídìí ìlà láti ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Òfin eré náà ní kí etí apẹ̀rẹ̀ wà ní mítà 3.05 sílẹ̀. Láti ìlà ìjù ọ̀fẹ́ sí àárín apẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 4.2. Ká ní bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní mítà méjì sílẹ̀, ní igun 45°. Ìyára wo ló gbọ́dọ̀ fi jù ú?

Fọ́múlà kan wà fún èyí, ó gùn, ó sì burẹ́wà, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé òòfà ilẹ̀ kò sí. Bọ́ọ̀lù á lọ gbọọrọ bí ọ̀pá tí a fi ti ògiri. Ní igun 45°, bó bá ti lọ ní ìbú ló ṣe ń gòkè: nígbà tó bá fi máa rin mítà 4.2 lọ síwájú, yóò ti gòkè mítà 4.2. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀, mítà 1.05 péré ló fi ga ju ọwọ́ ọmọ náà lọ. Òòfà ilẹ̀ ni yóò fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀ ní èyí tó ṣẹ́ kù, 4.2 dín 1.05, mítà 3.15. Ohun tó ń jábọ́ máa ń já 5t² mítà nígbà tí g bá jẹ́ 10. Bí 5t² bá jẹ́ 3.15, t² jẹ́ 0.63, t sì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.79. A ti rí àkókò láìka aago. Mítà 4.2 ní ìṣẹ́jú àáyá 0.79 jẹ́ nǹkan bí 5.3 m/s ní ìbú, bákan náà ní òòró, àròpọ̀ wọn lọ́nà Pythagoras sì di nǹkan bí 7.5 m/s. Ọmọ SS2 lè jù ú bẹ́ẹ̀ láìṣe wàhálà. Nọ́ńbà yìí jọ apá ènìyàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí ni pé ó mọ ìgbà tí ohun kan kò lè ṣeé ṣe, ó sì máa ń sọ ọ́. Ọmọdé kan dúró ní mítà 6 sí ìdí igi, máńgòrò kan sì fi mítà 6 ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Igun 45° ló wà sí máńgòrò náà gẹ́lẹ́. Bó bá fojú sun ún tààrà tó sọ òkò, ìyára wo ni yóò fi bà á? Ọ̀pá gbọọrọ wa ti kan máńgòrò náà, kò ku àlàfo kankan fún òòfà ilẹ̀ láti fa òkò wálẹ̀. Àlàfo òdo, àkókò òdo. Kò sí ìyára tó tó o. Bó sọ ọ́ bí ìbọn, yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ì báà jẹ́ díẹ̀. Ọmọ tó ń sọ òkò sí máńgòrò ti mọ èyí kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Kò fojú sun máńgòrò rí, òkè rẹ̀ ló ń wò. Bó bá fojú sun ibi tó fi mítà 11 ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, lókè máńgòrò náà gan-an, àlàfo á di mítà 5, òkò á lo ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 6 ní ìbú, 11 ní òòró: nǹkan bí 12.5 m/s ni yóò fi bà á. Ìbéèrè inú ìwé tí a fún wa ní u kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí ọmọ yìí mọ̀, nítorí pé nínú ìwé, òkúta kì í tàsé. Kò kúkú sí ohun tó ń sọ sí.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹjọ́ mi tọ́, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹni tí gbogbo orí ẹ̀kọ́ yìí ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Galileo kọ ìwé kan tó jáde ní ìlú Leiden ní ọdún 1638, nígbà tí wọ́n ti há a mọ́ ilé rẹ̀ ní Arcetri lẹ́bàá Florence lẹ́yìn ìdájọ́ tí wọ́n dá fún un ní Róòmù ní 1633. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kẹrin sì dá lórí ohun tí a jù. Ẹni tó bá ka ọjọ́ kẹrin yẹn lẹ́yìn tó ti ka ìwé tiwa yóò ṣàkíyèsí ohun kan kíákíá: kò sí mítà ní ìṣẹ́jú àáyá níbẹ̀ rárá. Galileo kò ní ẹ̀rọ tó lè fi wọn ìyára. Dípò kó fi nọ́ńbà kan parọ́, ó béèrè pé láti gíga wo ni ohun yìí ìbá ti já kó tó lè ní ìyára tó fi bẹ̀rẹ̀? Gíga yẹn ló fi dúró fún ìyára. Ó tilẹ̀ fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó sì gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tó jẹ́ ìbéèrè ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé gẹ́lẹ́: bí a bá fún wa ní ọ̀nà tí ohun kan tọ̀ lófuurufú, ẹ wá gíga tó ti já wá.

Ìdáhùn rẹ̀ wọ̀ mí lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ mi. Bí ohun kan bá já láti gíga s, tí nǹkan wá darí rẹ̀ sí ìbú létí tábìlì, tó sì já láti orí tábìlì tó ga ní h, yóò balẹ̀ ní ìjìnnà 2√(sh) sí ẹsẹ̀ tábìlì. Kò sí g níbẹ̀. Kò sí u. Rúlà nìkan ló tó. Sẹ̀ńtímítà 20 lókè tábìlì, 80 nísàlẹ̀: 20 × 80 jẹ́ 1600, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 40, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 80. Ìyẹn fún ohun tó ń yọ̀ láìsí ohun tó dí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá lo gólí tó ń yí, kò ní dé 80, nǹkan bí 68 ni ẹ ó rí, nítorí pé ìdá méjì nínú méje agbára tó rí gbà ló ná sórí yíyí ara rẹ̀, ìdá márùn-ún ló fi ń lọ síwájú.

Galileo fúnra rẹ̀ ti dojú kọ ìṣòro yẹn kí ó tó kọ ìwé náà, ìwé pẹlẹbẹ kan sì wà nínú àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Florence tó jẹ́rìí sí i. Nǹkan bí ọdún 1608 ni Stillman Drake, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973, fi í sí. Galileo yí bọ́ọ̀lù kékeré kan lórí pákó dídagun, ó jẹ́ kó fò kúrò létí tábìlì, ó sì wọn ibi tó balẹ̀. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni èyí tó ń pè ní punto, tí ẹyọ kan rẹ̀ kò tó mìlímítà kan. Láti gíga 300, bọ́ọ̀lù balẹ̀ ní 800. Kò mọ ìyára rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti sọ ọ́. Ó kàn mú 800 yẹn ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn tó kù: bí 300 bá fún mi ní 800, kí ni 600 yẹ kó fún mi? Ìṣirò rẹ̀ ní 1131. Ó wọ̀n ọ́n, ó rí 1172. Fún 800, ìṣirò ní 1306, ojú rí 1328. Fún 1000, ìṣirò ní 1460, ojú rí 1500. Ó sì kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìfi ọ̀kan pamọ́: 41, 22, 40. Nítorí pé gbogbo ìjù náà ló ń yí bákan náà, ìdá méjì nínú méje tí n kò tíì mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí mo wà ní SS2, tí òun náà kò sì mọ̀, ti bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìfiwéra.

Mo fi ojú ìwé yẹn wé ojú ìwé tiwa. Lórí èyí tí Galileo kọ, a rí ẹni tó ju nǹkan, a rí ohun tó wọ̀n, a rí ibi tó ti ṣì í. Lórí tiwa, a rí 20 m/s.

Àwọn tó ń yìnbọn náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1742 ni Benjamin Robins, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ bó ṣe so pákó ńlá kan rọ̀ bí aago ògiri, tó yìnbọn lù ú, tó sì fi bí pákó náà ṣe fì padà sẹ́yìn mọ ìyára ọta. Bó ṣe wọ̀n ọ́n báyìí ló fi rí i pé afẹ́fẹ́ ń dí ọta lọ́wọ́ ju bí àwọn ìwé ìbọn ìgbà náà ṣe rò lọ. Gbogbo ìgbà tí ìyára ìbẹ̀rẹ̀ fi jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n gbà gbọ́ lásán, kò sí bí wọn ì bá ṣe mọ̀ pé ìwé àwọn kò bá ojú pápá mu.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò gbà fún mi. Ó ní bí mo bá yọ u kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì kíláàsì yóò sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àti pé ìdánwò àṣekágbá kò ní dúró de ẹni tó ń fa ọ̀pá gbọọrọ. Òótọ́ wà nínú ohun tó wí. Ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń pín ìyára sí ìbú àti òòró nílò ibi tó máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lé, 20 m/s ní 30° sì jẹ́ àkàbà tó dára fún ìyẹn. N kò ní kí a jó àwọn ìbéèrè náà níná. Ohun tí mo ní ni pé a máa ń gun àkàbà náà fún odidi táàmù kan, a kì í sì dé òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi fi àwọn ìbéèrè kan hàn mí nínú ìwé rẹ̀ pé àwọn yẹn náà kò ní u nínú. Mo wò wọ́n. "Gíga tó ga jù jẹ́ mítà 5, igun jẹ́ 30°, wá u." Aṣọ kan náà ni, wọ́n kàn yí i sódì. Ọmọ á mú fọ́múlà H, á yí i po, á rí 20, kò sì ní nílò láti ronú pé ìrìn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó ń dán òye wò ni èyí tí kò ṣeé fi fọ́múlà kan ṣoṣo ṣí.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ẹ ti sanwó ìwé, ẹ sì fẹ́ kí ọmọ yín gba máàkì. Ẹ kàn bi ọmọ yín lálẹ́ ọjọ́ kan pé, nínú nọ́ńbà tó wà nínú ìbéèrè tó ń ṣe lọ́wọ́, èwo ni òun lè wọ̀n nínú ọgbà ilé yín.

Ní táàmù tó tẹ̀ lé ìdánwò yẹn, mo kó kíláàsì lọ sí pápá eré pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ kan àti fóònù mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ ni ó gbá a. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ ní mítà 30 gẹ́lẹ́, wọ́n sì gún igi síbẹ̀. Ìjà dé lórí àkókò. Fóònù àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 2.0, ìkejì ní 2.2, ìkẹta ní 2.4, olúkúlùkù sì búra pé òun kò pẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ ní kí wọ́n tún un gbá, ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní kí n fara balẹ̀, ó ti jókòó sórí koríko, ó ń ṣe ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti 2.0 jẹ́ 15 ní ìbú, 10 ní òòró, ó di 18.0 m/s. Ti 2.2 di 17.5. Ti 2.4 di 17.3. Ó wò wọ́n títí, ó tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fi hàn mí.

Àwọn fóònù fi ohun tó tó ìdámárùn-ún ṣe àríyànjiyàn lórí àkókò, wọn kò sì fi ohun púpọ̀ yàtọ̀ lórí ìyára. Bí àkókò bá gùn sí i, ìyára ìbú á dín kù, ti òòró á pọ̀ sí i, ọ̀kan á máa san gbèsè èkejì. Igun ló gba gbogbo ìyà náà jẹ: ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 34°, ó dé nǹkan bí 44°. Olùkọ́ ni mí fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò mọ èyí tẹ́lẹ̀, nítorí pé èmi náà kò fi ìgbà kankan wá u lórí pápá rí. Mo sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ tí a kò kà sí tún wà níbẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù náà yára ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó kúrò lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ èyí tí àwọn máa kọ sílẹ̀ nínú mẹ́ta náà. Mo ní kí wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀, 18.0, 17.5, 17.3, ó sì kọ orúkọ ẹni tó di fóònù kọ̀ọ̀kan mú síwájú nọ́ńbà tirẹ̀.